Bàbá Reuben Ojúọlápé Adégbénró (1956–2025): Ẹni Tí Kò Fi Ẹnikẹ́ni Lé Wọn Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 1956, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni a bí Bàbá wa, Reuben Ojúọlápé, sí ìdílé Pa Adégbénró tí í ṣe káfíńtà, àti Màmá Dọ́kàsì tí ń pa aró. Bàbá ni àkọ́bí. Ní 1963 ìdílé náà kó wá sí Agége, ibẹ̀ ni Bàbá sì gbé títí dọ́jọ́ ikú.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Ní 1970 baba wọn kú, ilé ẹ̀kọ́ sì parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà, inú ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni Bàbá ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń dáhùn ìbéèrè tí wọn yóò fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọn kì í sọ bébà nù àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ kún tojú-tẹ̀yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe gba ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá ní 1976, àti ti yunifásítì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1991.

Ní 1977 ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ike ní Orégún gbà wọ́n láti máa yẹ ọjà wò. Ní 1983 wọ́n fẹ́ Ọlárónkẹ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà wa.

Ìmọ̀ tí Bàbá fẹ́ràn jù ni ti igi inú ìṣirò tí ń pẹ̀ka ní àkọsẹ̀bá. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tuntun tí ó bá dé yóò so mọ́ èyíkéyìí nínú àwọn tí ó wà nílẹ̀, bí ìgbà tí a di ojú mú un. Nígbà tí igi náà bá tóbi tán, a ó béèrè pé: èwo nínú wọn ni ó ṣáájú? Ní 2003 wọ́n ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Computer Village, wọ́n sì fi gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú igi bẹ́ẹ̀. Màmá a ní, “Bàbá Láolú, ẹ gbin igi tó báyìí, a ṣì ń ra gáàsì.”

Ní 2014, àhesọ gba ilé-iṣẹ́ náà kan pé májèlé wà nínú omi tí wọ́n ń mu. Irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi dúró. Máníjà fẹ́ lé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí Bàbá fi ìmọ̀ igi wọn wá a jáde, nítorí àhesọ náà ń pẹ̀ka láti ẹnu dé ẹnu. Bàbá bi òṣìṣẹ́ 214 léèrè ẹni tí wọ́n jọ sọ ọ́. Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́ ọ ni. Kò sí ẹnìkan tí ó gbà pé òun sọ ọ́. Nítorí náà, Bàbá mọ àwọn tí wọ́n jọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìṣirò mú èèyàn mẹ́rin jáde. Ó jọ pé ẹni náà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n tí a bá ṣe irú rẹ̀ nígbà ogún, ẹ̀ẹ̀kan yóò jẹ́ àṣìṣe.

Máníjà ní, “Bàbá Reuben, orúkọ kan ni mo fẹ́.”

Bàbá ní, “Ọ̀gá, kò sí orúkọ kan níbẹ̀.”

“Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá nígbà náà. Gbogbo wọn ló ń lọ.”

Bàbá ní ó kéré tán, mẹ́ta nínú wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n fa bébà tí orúkọ àwọn mẹ́rin náà wà ya lójú rẹ̀.

Ipò ọ̀gá ẹ̀ka tí a ti ṣèlérí fún Bàbá bọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ni a gbé wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì ní 2016. Màmá bínú. A kò ní fi pamọ́, àwa ọmọ náà bínú. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ ni a ń gbọ́ tí Bàbá ń gbàdúrà fún “àwọn mẹ́rin,” láìdárúkọ.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ìjọ ní ìṣirò ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, ìta ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ní 2019, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́ náà wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, èmi ni. Inú ló ń run mí lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ní bóyá omi ni.” Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “O ò tiẹ̀ sí nínú àwọn mẹ́rin.” Màmá wọlé lọ bu oúnjẹ fún àlejò náà, wọ́n fi ẹran méjì sí i. Láti ọjọ́ kejì, “àwọn márùn-ún” ni Bàbá ń gbàdúrà fún. A kò ní dárúkọ ẹni náà níhìn-ín.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Wọ́n fi aya wọn sílẹ̀, Ìyá Àdúrà Ọlárónkẹ́. Àbúrò wọn, Felix. Àwọn ọmọ, Láolú, Ọlámijùlọ àti Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Àti ọmọ-ọmọ méje.

Ẹ̀yin mẹ́rin náà lè wà láàárín wa lónìí. Àwa kò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ kò jẹ̀bi ohunkóhun, Bàbá kò sì dárúkọ yín fún ẹ̀dá kankan.

Bàbá, ẹ sùn ire. Kí Olúwa pa orúkọ yín mọ́, bí ẹ ti pa tiwọn mọ́.