Ìlà Méjì Lórí Sọ̀wédowó Zùwáírátù

Ilé Búrẹ́dì Àyànníyì,
Challenge, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 1984.

Fọláwùmí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera ní Kàdúná, kí ooru ibẹ̀ má sì ṣe yín léṣe. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi oorun mi tí kì í pé, ìyẹn kì í sì í ṣe tuntun.

Mo ti ṣe bí o ṣe sọ. Mo ti dá ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa ṣírò owó oṣù ní Dùgbẹ̀ dúró, èmi fúnra mi ni mo ń ṣe é báyìí. Mo tún ti ṣíwọ́ gbígbé owó sínú àpò láti báńkì wá sílé, nítorí gbogbo ẹni tó bá rìn tẹ̀lé mi ni mo ń rò pé olè ni. Sọ̀wédowó tí báńkì tẹ orúkọ ilé búrẹ́dì wa sí ni mo fi san owó oṣù kẹjọ. Mo fi ẹ̀rọ táípù tẹ orúkọ olúkúlùkù òṣìṣẹ́ àti iye owó rẹ̀ sí i, mo sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rù ló kó bá mi. Mo ronú pé bí ọ̀kan bá jábọ́ lọ́wọ́ wọn ńkọ́, kí ẹlòmíràn he é, kí ó lọ gbowó? Mo rántí ìlà méjì tí àwọn oníṣòwò ńlá máa ń fà sí igun sọ̀wédowó. Mo mú rúlà, mo fà á sí gbogbo rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo pín in fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá, mo ní kí wọ́n tètè lọ sí báńkì.

Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi padà dé, wọ́n fajú ro. Báńkì kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní sọ̀wédowó tí a bá ti fa ìlà méjì sí, inú àkáǹtì ẹni tó ni orúkọ nìkan ni owó rẹ̀ lè wọ̀, kò sì sí ẹni tó ní àkáǹtì nínú wọn. Àjàmú tó ń ṣọ́ ààrò wò mí, ó ní, "Bàbá, alágbò tí mo ti bá dúnàá-dúrà kò ní gba bébà o." Àwọn yòókù kò rẹ́rìn-ín. Ilé búrẹ́dì tuntun kan ní Ring Road sì ń wá òṣìṣẹ́. Bí Àjàmú àti Zùwáírátù tó ń po ìyẹ̀fun bá lọ síbẹ̀, kí ni màá máa tà?

Mo kó gbogbo wọn sínú mọ́tò búrẹ́dì, ó di Dùgbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí báńkì tì. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà pé kí wọ́n san owó lé wọn lọ́wọ́, kí n sì tún fọwọ́ sí i. Mo ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Zùwáírátù, ó fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ má kọ nǹkan kan sí tèmi." Ó wá kọjú sí akọ̀wé, ó bi í bóyá ọkọ òun lè gba owó tó bá ti wọ àkáǹtì òun. Akọ̀wé ní rárá, àfi Zùwáírátù fúnra rẹ̀. "Ẹ fi ìlà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọkọ mi mọ ọjọ́ owó oṣù jù mí lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dúró dè mí."

Mo bi í pé Iléyá ńkọ́. Ó ní lọ́dún yìí, baálé ilé ni yóò ra àgbò. Àjàmú ní òun ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ ọdún, kí òun wò ó bóyá adìẹ ni. Mo fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró rẹ̀, wọ́n sì ṣí àkáǹtì náà fún un.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, mo tètè dé ilé búrẹ́dì, mo rò pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ló wá. Ọkọ Zùwáírátù náà wá, ó ní èmi kò sanwó fún ìyàwó òun. Zùwáírátù kò tilẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò nínú ìyẹ̀fun. Ó ní, "Bàbá ti san án. Ó wà ní báńkì, owó ilé ìwé Ràṣídátù ọmọ wa ni." Ọkùnrin náà ra búrẹ́dì kan, ó lọ.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àtilọ àti àtibọ̀ yín. Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, àwọn ọmọ yín yóò sì tọ́jú yín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ajíbóyè Àyànníyì.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé: Zùwáírátù ní kí n máa bá òun tọ́jú ìwé báńkì òun. Mo kọ́kọ́ fi í sí abẹ́ ìbùsùn, mo tún gbé e lọ sínú àpótí aṣọ ìyá rẹ. Bí o bá mọ ibi tó sàn ju ìyẹn lọ, kọ̀wé sí mi kíákíá.