Ààrò Eléèédú Tó O Rà fún Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n rí, nítorí ẹni tó bá ń sanwó fún ọmọ mi, ará ilé mi ni. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa nínú ilé gíga tí ẹ wà yẹn, tí ẹlòmíràn ń gbé lórí yín, tí ẹlòmíràn tún ń gbé lábẹ́ yín? Mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run di ilé náà mú, kí àwọn ará òkè má jábọ́ lé yín, kí ẹ̀yin náà má jábọ́ lé àwọn ará ìsàlẹ̀. Àmín.

Ara tèmi le. Orúnkún mi apá òsì ń ké díẹ̀ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ orúnkún káfíńtà ni, ó ti kúnlẹ̀ lórí pákó láti kékeré, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ti màmá rẹ, màá sọ ọ́ kúnná, torí òun gan-an ni mo ṣe mú bírò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí owó rẹ ṣe rìn.

Owó tó o ní o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi dé. Mo yẹ ẹ̀yìn fóònù náà wò, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́bàá etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ni mo bá mú un lọ sí bánkì. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní owó náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà á lálejò. Láti ibẹ̀ mo gba ìsọ̀ àwọn tó ń ta ìkòkò àti àdògán lọ, arákùnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì fi ààrò tó o sọ hàn mí. Dúdú ni, ó ní ikùn bí àgbá, ó ní ìdérí, ó ní ilẹ̀kùn kékeré méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Èédú ń gbé nísàlẹ̀, ẹran ń sùn sórí irin lókè, èéfín á sì máa yan án díẹ̀díẹ̀. Mo mi gbogbo oríkèé rẹ̀ wò bí mo ṣe máa ń mi àga, ó dúró dáadáa. Ó wá fún mi ní ìwé kan pé àwọn dúró fún ààrò náà fún ọdún kan gbáko. Mo bi í pé kí ló máa ṣe ààrò náà lọ́jọ́ kejì tí ọdún bá pé. Ó ní kò ní ṣe nǹkan kan, bàbá. Mo ní kí ló dé tí wọn ò wá dúró fún un mọ́. Ó bi mí pé ibo ni ilé mi wà.

Wọ́n ní wọ́n á gbé e wá sílé fún wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù mi pé ẹrù mi ti fẹ́ gbéra, pé mo lè máa tẹ̀lé e títí yóò fi délé. Ìyẹn wú mi lórí, mo rò pé èèyàn gidi ni wọ́n. Mo wọ bàtà, mo wọ mọ́tò, mo padà lọ sí ìsọ̀ náà, mo ní èmi ni mo fẹ́ tẹ̀lé ẹrù mi. Wọ́n wo ara wọn. Awakọ̀ ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí, àmọ́ kí n wá jókòó síwájú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀lé e délé o, mi ò fojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n tún kọ̀wé pé ìràwọ̀ mélòó ni mo máa fún àwọn. Mo ní kí wọ́n má bínú, ìràwọ̀ kì í ṣe tèmi.

Ó wá ku ti màmá rẹ. Ìwọ náà rí i bó ṣe rí ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní àìsàn náà ti lọ, ó sì lọ lóòótọ́, àmọ́ oúnjẹ ò padà wá. Ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á ní bíi bébà ló ń rí lẹ́nu òun, á yí ojú sí ògiri. Màmá rẹ tó ń yan ẹja tà, tó fi owó rẹ̀ rán yín lọ sílé ìwé. Èyí tó dùn mí jù, mi ò sọ fún ọ lórí fóònù, ni pé kò bá mi wí mọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé àwa káfíńtà mo wọ ẹ̀wù lódìlódì. Ó wò mí títí mo fi jáde, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo débẹ̀ tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọkàn mi bàjẹ́, kì í ṣe torí ẹ̀wù.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fi ààrò náà ṣeré. Mo ra adìyẹ, mo fi iyọ̀ àti ata pa á lára, mo dáná sí èédú. Mo wá rí nǹkan roboto kan lójú ìdérí, tó ní nọ́ńbà, tó ní abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń ki sí abíyá màmá rẹ, tí nọ́ńbà bá sì ti ń gòkè, ibà ni. Abẹ́rẹ́ yìí ń gòkè ṣáá. Mo bá sáré rẹ aṣọ ìnura sómi tútù, mo ń nu ààrò náà níwájú orí àti nígbáàyà bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe, mo sì pa gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ dé kí èéfín tó o fowó rà má bàa lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyá aránṣọ tó múlé tì wá yọjú lórí ọgbà, ó ní ṣé ara rẹ̀ ò yá ni. Mo ní ó ti ń rọlẹ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ adìyẹ náà ṣì wà bí mo ṣe gbé e síbẹ̀, ó kàn lómi lára ni.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí n má fi omi kàn án. Mo da èédú kún un, mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbayawu kó lè mí, mo sì ń fẹ́ ẹ. Èéfín funfun nípọn bí òwú, ó gba ojú fèrèsé wọ yàrá lọ bá màmá rẹ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kí ni adìyẹ yẹn fi ṣe mí. Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ dé ku díẹ̀, kí n fi ti òkè sílẹ̀ ní ṣíṣí, pé èéfín tó dáa kì í pọ̀ tó báyìí, kì í sì í ta ojú. Mo ní ilẹ̀kùn wo. Ó ní ti ìsàlẹ̀. Ọmọ mi, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́, ti òkè ni mo pa dé.

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ké. Kò pẹ́ ni màmá rẹ yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń fọwọ́ ra ògiri, kò wọ bàtà. Ó ti ọwọ́ mi dànù, ó jókòó sórí àpótí mi, ó tún iná náà ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Ó bá mi wí lórí adìyẹ, ó bá mi wí lórí ẹ̀wù ọjọ́ ìpàdé, ó padà lọ sórí ìrẹsì tí mo jó nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó. Mo dúró, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín ni. Ó ní èéfín ò fẹ́ sí ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní kí n lọ ra ẹja tútù wá. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sórí irin, ó fi àkísà bo nǹkan onínọ́ńbà yẹn, ó ní kò jẹ́ kí òun ronú, ó ń na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́bàá ìdérí láti mọ bó ṣe gbóná tó. Nígbà tí ẹja náà pọ́n, ó já ìrù rẹ̀ tọ́ wò, ó ní iyọ̀ ò tó. Ó tún já a. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan orí, ó sì fa egungun orí náà mu. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń jáde wá sídìí ààrò, ó ti sanra díẹ̀, ìró rẹ̀ kì í tú mọ́, ìyá aránṣọ náà sì ti ń gbé ẹja tirẹ̀ wá kó bá òun yan án.

O ṣeun, ọmọ mi. Màmá rẹ lo rà padà fún mi. Bó o ṣe mú kí ilé mi tún máa pariwo, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí tìrẹ dákẹ́. Wàá jẹun ọmọ, ẹnu rẹ ò ní korò, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó èédú díẹ̀ ránṣẹ́, torí ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá báyìí, màmá rẹ á fún un jẹ. Kó o sì kó àwọn ọmọ wá nígbà ìsinmi, kó lè bá àwọn náà wí.

Ó ti dé o. Ó ní kí ni mo ń kọ láti àárọ̀. Mo ní ìkíni ni. Ó ní ìkíni kì í gùn tó báyìí, pé kí n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun jẹun. Mo ti kọ ọ́. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń wò ó bóyá mo kọ ọ́ dáadáa.

Èmi ni,
Bàbá rẹ