Síńgílẹ́ẹ̀tì Gbígbẹ

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn ju bí mo ṣe fi hàn lọ,

Ẹ káàbọ̀, ẹ kú òtútù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbi tí ẹ wà, ni mo ṣe kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé ní Ìkòtún. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo àdúgbò ń fi páálí fẹ́ra nítorí ooru, èmi ń kí bàbá mi kú òtútù.

Físà wa ti jáde. Èmi àti Àánú ń lọ bá bàbá rẹ̀ ní Kolorádò lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ ò rí Àánú. Ọdún kejì tí ẹ lọ ni mo bí i, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Etí yín ló gbé wá, èyí tó fẹ̀ jáde bí etí ife. Tó bá ń ronú, á máa fa ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń fa tiyín. Ta ló kọ́ ọ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbọ́. Ìlú tí ọkọ mi ń gbé wà lókè gan-an. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àtẹ̀gùn ilé alájà kan péré ló gùn tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fi pamọ́ fún mi títí ó fi dáwọ́ dúró. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì gbẹ bí ọyẹ́ tí kò ní eruku, pé kí èèyàn máa mu omi bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ ẹ́, kó sì máa rọra ṣe títí ara á fi mọ ibẹ̀. Bàbá, ẹ̀wà kì í tètè jinná níbẹ̀! Omi á máa hó yaya, ẹ̀wà á le kokooko. Bí èèyàn ò bá ní ìkòkò tí wọ́n ń dé pinpin yẹn, á sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

Yìnyín ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó máa ń fọ́n lu páànù wa. Ó ní kì í dún rárá, á kàn máa bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn tú òwú inú ìrọ̀rí sílẹ̀. Ká tó wí, oòrùn ti yọ sórí rẹ̀, oòrùn tó ń ta sójú débi pé wọ́n ń wọ awò dúdú nínú òtútù. Lọ́sàn-án, èèyàn lè bọ́ kóòtù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi inú ike ti di.

Màámi gbọ́ gbogbo èyí lórí fóònù, wọ́n káwọ́ lérí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè? "Àwọn ìjọ aláṣọ funfun tó ń wọ sùtánà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ lásán náà ni wọ́n fi ń tẹ yìnyín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Ọkọ mi ní wọ́n máa ń wọ bàtà títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó bọ́ ọ. Màámi mi orí. "Hẹn ẹn. Wọ́n ti ń fọgbọ́n ṣe é."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n fi Àánú sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Ìgàndó títí òtútù á fi kúrò níbẹ̀. "Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń dún hìn-ín hìn-ín tí òjò bá ṣú lásán, òun lo fẹ́ gbé lọ sínú fíríìjì?"

Bàbá, òótọ́ ni pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó lè lọ, wọ́n sì fún mi ní oògùn tí a máa mú dání. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mo máa ń dìde lọ wò bóyá ẹni tó ń sùn ṣì ń mí. Ọmọ náà ò rí bàbá rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rá kòrò. Tí mo bá fi í sílẹ̀, oṣù mélòó? Tí mo bá gbé e lọ, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin nìkan ni ẹni tí mo mọ̀ tó lo ogún ọdún nínú òtútù láìkúrò ní Alímọ̀ṣọ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé kóòdù-rúùmù, ibi iṣẹ́ yín àtijọ́. Mo ní kí n lọ dán òtútù wò níbi tí ẹ ti ń gbé páálí ẹja dídì, kí Màámi lè fojú ara wọn rí i. Mo ti ra kóòtù lọ́jà òkìríkà, tèmi onírun lọ́rùn, ti Àánú aláwọ̀ osùn. Láti ilé ni mo ti múra fún ọmọ. Mo fi òrí pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, mo wọ aṣọ márùn-ún fún un, mo da kóòtù lé e, mo fi ìborùn wé e lórí. Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. A wọ kẹ̀kẹ́, a fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì wà lórí wa. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn pariwo pé, "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ se é ni?" Mi ò dá a lóhùn.

Bọ̀dá Kàmọ́rù tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ṣì ń ṣọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti di àgbàlagbà, irun rẹ̀ funfun. Kò dá mi mọ̀. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí tí mo fẹ́ wọ ibẹ̀. Mo kàn ní mo fẹ́ rìnrìn àjò ni. Ó di ilẹ̀kùn mú fún wa, a wọlé. Iṣẹ́jú méjì ò tíì pé tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lura. Mo gbé e sáré jáde. Màámi, tí wọ́n dúró níta, gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo fọ àwọn aṣọ náà. Kí n tó ki síńgílẹ́ẹ̀tì Àánú tó kọ́kọ́ kan ara rẹ̀ bọ omi, òórùn òógùn ló bá mi nímú. Mo sá a, mo sá èyí tó wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà tì í. Màámi ń ṣa ẹ̀wà níbẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n pòṣé. "Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì lójúmọ́. Bíi ti bàbá ẹ. Àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ìfọṣọ pa."

Ọwọ́ wọn dúró sórí ẹ̀wà. Tèmi dúró sórí okùn. A wo ara wa.

Náílọ̀n yín. Náílọ̀n dúdú tí ẹ máa ń ká sábẹ́ apá lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbẹ máa ń wà nínú rẹ̀. Mo máa ń rò pé fáàrí ni. Ẹ kì í wọ kóòtù yín láti ilé, èjìká lẹ máa ń gbé e kọ́. Tí ẹ bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ ó bọ́ èyí tí oòrùn ti mú kó rin, ẹ ó nu ara yín, ẹ ó wọ èyí tó gbẹ, kí ẹ tó wọ kóòtù. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, fún ogún ọdún. Òtútù kọ́ ló mú ọmọ mi, Bàbá. Òógùn ara rẹ̀ ni. Èmi ni mo sè é tán kí n tó gbé e wọ inú yìnyín.

A padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, fìlà àti aṣọ fẹ́lẹ́ ni Àánú wọ̀ wá, ìyókù wà nínú náílọ̀n. Bọ̀dá Kàmọ́rù tún bèèrè pé ọmọ ta ni mí. Mo dáhùn, ohùn mi sì lọ sókè ju bí mo ṣe rò lọ. "Ọmọ Bàbá Oníkóòtù ni mí."

Ó dìde lórí àpótí. "Ọmọ Bàbá Oníkóòtù! Ìwọ lo gbé ọmọ tó ń làágùn wá síbí lọ́jọ́sí? Bàbá ẹ ì bá ti lé ẹ padà láti géètì!" Ó wá ń sọ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ máa ń ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Tó bá rin, ẹ ó ní kó lọ pààrọ̀. Tó bá tutù, ẹ ó ní kó fi ọ̀kan kún un. Ó ní ẹ kì í wo ọwọ́, ẹ kì í wo imú, pé ẹ̀yìn ọrùn kì í parọ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí, tí wọn ò mọ̀ yín rí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é. "Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn òtútù lábẹ́ bàbá ẹ. Jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Kò sẹ́ni kan."

Bàbá, gbogbo ìgbà tí ẹ máa ń gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn ọrùn tí mo bá ti iléèwé dé, ṣé ẹ̀ ń wò ó ni? Mo máa ń rò pé ẹ kàn ń kẹ́ mi ni.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ èyí tí mi ò sọ nígbà tí ẹ wà láyé. Ọjọ́ tí mo fẹsẹ̀ rọ́ níbi eré sísá, tí mo wà ní JSS tú, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ pe bàbá mi. Ẹ sáré wá pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ẹ ń rùn bí ẹja. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo pé, "Bàbá Òyìnbó! Ẹja dé o!" Ọ̀kan bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní, aládùúgbò wa ni. Ẹ ti sún mọ́ wa nígbà yẹn. Nígbà tí tíṣà bi yín bóyá ẹ̀yin ni bàbá mi, ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní, "Rárá o, aládùúgbò wọn ni mí. Bàbá ẹ̀ ló ní kí n wá gbé e." Ẹ gbé mi pọ̀n, ẹ gbé mi délé, ẹ fi omi gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ mi, ẹ ò sọ ọ́ mọ́ títí ẹ fi lọ. Ṣé ẹ sọ fún Màámi? Ṣé ó dùn yín títí? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ pé ẹ gbọ́?

Mo pààrọ̀ aṣọ fún Àánú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, aṣọ òtútù kan, kóòtù, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, ìbọ̀wọ́. Mi ò wé e, mi ò dì í. A wọlé. Ó ń ka páálí. Ó bèèrè bóyá ẹja náà ń sùn. Iṣẹ́jú márùn-ún, Bọ̀dá Kàmọ́rù fi aago ọwọ́ rẹ̀ wò ó. Èmi gan-an ni òtútù fẹ́ pa, kóòtù onírun yẹn, fáàrí lásán ni! Nígbà tí a jáde, Màámi ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ. Wọ́n fi í síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n wá yọ ọ́, wọ́n nu ojú. "Ó gbẹ. Ó sì móoru. Ẹ máa lọ, Olúwa á ṣọ́ yín."

Nígbà tí a délé, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé kóòtù yín jáde. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí pín ẹrù yín, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Màámi ló gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń rùn bí ẹja díẹ̀. Ó tóbi jù fún mi, apá rẹ̀ bo ọwọ́ mi. Òun ni mo máa wọ̀. Mo ti fi onírun ta Àǹtí Bísí lọ́rẹ, ẹni tó ń gbé ní yàrá kejì sí wa, ó ní òun á máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọjí.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní parọ́. Oògùn Àánú wà nínú báàgì ọwọ́, omi wà nínú rẹ̀, òrí fún ètè wà níbẹ̀. Náílọ̀n dúdú náà wà níbẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́rin nínú rẹ̀. Tí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, kí a tó jáde síta, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbẹ̀ pé kóòtù ta ni mo wọ̀ tó tóbi tó báyìí, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ, mo sì máa sọ ọ́ kó dún.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ kú òtútù.

Èmi ni,
ọmọ yín. Kì í ṣe ọmọ aládùúgbò.