Ẹ Má Jẹ́ Kó Di Ọ̀la

Màmá mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ara mi yá, ẹ má fòyà. Ẹni tá a jọ ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ ajá ọ̀gá wa gé mi jẹ lọ́rùn ọwọ́. Kò jinlẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ajá náà kú. Mo tilẹ̀ bá ọ̀gá dárò rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni mo wà báyìí. Bẹ́ẹ̀dì wọn rọ̀ ju tèmi lọ! Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé omi wá, ńṣe ni ọ̀fun mi ń há. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an?" Mo ní mi ò fẹ́ pa iṣẹ́ jẹ ni. Ló bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ajá bá fi eyín kan ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bá mi gbá a mọ́ra, kó pẹ́.

Ọmọ yín.