Aṣọ Rọ́bà Tó Fún Mi Lọ́rùn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí àwọn oníbàárà mi ń gbọ́ yín lórí rédíò. Télọ̀ ni mí.

Mo fẹ́ díje níbi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n tún ń sáré. Àmọ́ tí mo bá ti gbé aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, á fún mi lọ́rùn, àyà mi á là gààrà. Kóòṣì tó ń kọ́ mi ní ẹ̀rù omi ni.

Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe wọlé, tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó mi, kí ni orúnkún aṣọ ẹ ń wá lẹ́yìn ẹsẹ̀?"

Háà! Síìpù tó yẹ kó wà lẹ́yìn ni mo ti wọ̀ síwájú!

Mo yí i padà, ní báyìí mo ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Kóòṣì wá ní kí n sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí mo ṣe borí ẹ̀rù. Ẹ gbà mí o: ṣé kí n sọ ti síìpù, àbí kí n ní àdúrà ni?