Àwọn Iwin Inú Ìwé Tọ̀mí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà, 2024
Ó pé oṣù mẹ́rin lónìí tí rọpá-rọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá mi. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fún wọn lóúnjẹ. Ògiri ni wọ́n ń wò. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹfà
Wàhálà délé. Díkìnì — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ọkọ mi bẹ́ẹ̀ — rí ìwé tí Tọ̀mí, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ń ya àwòrán sí. Kìkì iwin: olójú kan, onírù ọ̀nì, àwọn ti inú fíìmù ọmọdé. Ó ní irú ẹ̀ kì í wọ ilé onígbàgbọ́ lásán. Mo gba ìwé náà. Ọmọ ò sunkún. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà
Mo rántí ìgbà èwe wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, nídìí agbada gàrí. Iwin ló kún inú àlọ́ Màmá. Ẹ̀rù á bà wá títí, a ó tún ní kí wọ́n pa òmíràn. Kí ló ṣe wá? Mo dá ìwé padà fún Tọ̀mí. Díkìnì ò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹfà
A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mò ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Tọ̀mí jókòó ti Màmá, ó ń pa ọ̀kan nínú àlọ́ tiwọn, tí mo ti sọ fún un, fún wọn: iwin tó dí ọ̀nà odò, olórí mẹ́ta.
Ohùn kan ní, "Méje."
Mo rò pé rédíò ni.
"Méje ni."
Màmá ni! Ewùrà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò ya Tọ̀mí lẹ́nu rárá. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń fi orí mẹ́rin kún iwin inú ìwé ẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mò ń dúpẹ́, mò ń sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹfà
Ọ̀rọ̀ Màmá lónìí: "Omi." "Rárá." Àti orúkọ mi — Tabitha — odindi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà
Mo jẹ́wọ́ fún Díkìnì pé èmi ni mo dá ìwé padà. Kò bínú. Ó fa àpótí, ó jókòó síwájú Màmá, ó bi wọ́n bóyá iwin yẹn kì í bà wọ́n lẹ́rù ní kékeré.
Màmá dá a lóhùn.
"Ó ń bà mí. Àmọ́... nínú àlọ́, wọ́n máa ń ṣẹ́gun ẹ̀."
Díkìnì bojú. Ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti ṣubú lẹ̀rù ti ń ba òun, òun kàn ń fi ìbínú bò ó ni. N ò mọ̀. Ọdún mẹ́tàlá tí a ti jọ ń gbé, n ò mọ̀.
Tọ̀mí gbé ìwé ẹ̀ sórí itan Màmá. Wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n tún ẹnu ṣe.
"Ààlọ́ o."
Díkìnì ló kọ́kọ́ dáhùn.