Oúnjẹ Àgbà Tí Wọ́n Ń Bò Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Adédìran,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ọyẹ́ mú ní Sáríà, ikọ́ ń dà mí láàmú, iṣẹ́ wẹ́fíà, ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, tí mò ń ṣe sì ti rẹ̀ mí.

Nítorí àwọn ọmọ Matthew, àbúrò wa tó di olóògbé, ni mo ṣe kọ̀wé. Wọ́n ṣì wà ní Dogarawa, ní Sáríà níbí, láìsí ìyá, láìsí bàbá. Ọmọ́lábákẹ́ ló ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ilé bàbá àwọn sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Lánàá, mo yà sọ́dọ̀ wọn, mo rí abọ́ oúnjẹ kan tí wọ́n bò.

“Ta ló ni èyí?”

Ọmọ́lábákẹ́ ní, “Ti àgbà ni, Àǹtí. Bí aládùúgbò bá yọjú, a máa ń sọ pé Màmá kan ń bọ̀ láti ọjà, kí wọ́n má baà mọ̀ pé àwa nìkan là ń gbé.”

Àbúrò rẹ̀ kékeré ní, “Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ fún un.”

Mo gbọ́ pé ẹbí fẹ́ pín wọn sílé kálukú, bí àṣà wa. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ti rí i pé ọmọ tí wọ́n bá pín báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Àǹtí Mojí, ẹbí wa tí wọ́n ń dá gbé, kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ náà gbé.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ sọ fún Àǹtí Mojí pé oúnjẹ wọn ti wà nílẹ̀.

Àbúrò yín,
Fọlákẹ́